Àpáàdì, ìwọ̀fà àti ìdánwò Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin kejì, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston. Ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó ń lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án. Ìgbà tó ń rí oorun sùn kò tíì yé mi. Lóṣù kẹsàn-án tó kọjá ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ohùn náà ti há: "Màámi, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ṣe ìtàn ọ̀làjú àwọn òyìnbó kí n tó lè jáde. Kí ló kan ìtàn nínú ká gún ènìyàn lábẹ́rẹ́?"

Ó ya fọ́tò ìwé kan tẹ̀ lé e. Ogójì ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ ìlà kan tàbí méjì. Polis. Ostracism. Republic. Fief. Indulgence. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Enlightenment. Ó ń há wọn sórí bí àwa ṣe há tábìlì onílọ́po sórí láyé ìgbà tiwa, wọ́n sì ń jò dànù kó tó dé ibùdókọ̀.

Ìtàn ni mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n'Ìbàdàn àti n'Ìjẹ̀bú-Òde, kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí iṣẹ́ mi ń lọ sópin, wọ́n yọ ìtàn kúrò lára ohun táwọn ọmọ ń kọ́, wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn ní Social Studies. Mo kọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n wá fi ìdérí rẹ̀ tù ú nínú. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tèmi ní òun ń wá olùkọ́ ìtàn, mo dìde jókòó lórí ibùsùn.

Òfin kan ni mo ṣe fún un: ọ̀rọ̀ tí kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún mi, kò tíì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó sùn, ká pe ara wa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ tèmi. Òfin yẹn wá dà mí láàmú ju òun alára lọ.

Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ lè pè la fi bẹ̀rẹ̀: seisachtheia. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni pé àtúnṣe tí Solon ṣe sí ọ̀rọ̀ gbèsè ní ìlú Áténì, nílẹ̀ Gíríìkì, ni, lọ́dún 594 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ka gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀. Mo ní, "Gbèsè wo? Ta ló jẹ ta?" Ó dákẹ́.

Mo ní, "Ǹjẹ́ o mọ ìwọ̀fà?"

Ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Màámi Àgbà. Ìyá mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé bàbá òun ṣe ìwọ̀fà lọ́mọdé, torí owó tí àwọn ẹbí yá fi sin òkú. Láàárọ̀, á gba oko olówó lọ, á kọ iye ebè tí wọ́n bá kà fún un, á padà sílé bàbá rẹ̀ lọ sùn. Gbogbo làálàá yẹn, èlé ni. Kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú owó tí wọ́n yá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ka owó náà pé lọ́mọ tó bọ́. Ìyá mi ní títí bàbá òun fi kú, kì í yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe owó iyọ̀.

Mo ní, "Ó dáa, gbé e lọ sí Áténì." Àgbẹ̀ tí ọdún kò ṣe dáadáa fún á lọ yá nǹkan lọ́wọ́ olówó, ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe ìdúró, tàbí ara ọmọ rẹ̀. Ibi tí tiwọn ti burú ju tiwa lọ ni pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ẹni tó bá ta ìwọ̀fà ti dá ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ní Áténì, ẹni tí kò bá rí gbèsè san ti di títà, wọ́n sì ń tà wọ́n kọjá odi ìlú wọn, lọ sí ibi tí wọn kì í ti í gbúròó wọn mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìlú dà rú ni wọ́n gbé àṣẹ lé Solon lọ́wọ́. Ó pa gbèsè náà rẹ́. Ó sì kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tún fi ara ènìyàn dúró fún owó.

Solon, akéwì ni. Díẹ̀ nínú ewì tó fi gbèjà ara rẹ̀ kù sílẹ̀ títí dòní, ibẹ̀ ló ti ní ilẹ̀ dúdú ni ẹlẹ́rìí òun, pé òun ló hú àwọn òkúta àmì tí wọ́n rì mọ́ ọn lára kúrò. Ó ní òun kó àwọn tí wọ́n ti tà padà wálé, àti pé nínú wọn làwọn kan wà tó ti rìn jìnnà débi pé èdè Áténì ti sọnù lẹ́nu wọn. Orúkọ gígùn tó ń gbé Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ṣubú yẹn kò ju gbígbọn ẹrù nù lọ. Bí alábàárù ṣe máa ń gbọn èjìká.

Ó dákẹ́ lórí fóònù débi tí mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Màámi, àwọn tí èdè sọnù lẹ́nu wọn yẹn, nígbà tí wọ́n délé, ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀?" Solon kò sọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí sí Texas ló wà lọ́kàn rẹ̀, àwọn tí mo máa ń kí ní "ẹ káàárọ̀" tí wọ́n ń fi "hi Grandma" dá mi lóhùn.

Ohun kan tí ìwé rẹ̀ kò sọ, tí mo sì ní kó kọ sí i: Solon kò pín ilẹ̀. Olówó ń bínú pé owó àwọn ti wọgbó, tálákà ń bínú pé ilẹ̀ kò tẹ àwọn lọ́wọ́. Bàbá náà di ẹrù rẹ̀, ó rìnrìn àjò ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀sẹ̀ kejì la kan ostracism. Tí òyìnbó bá ń lò ó lónìí, kí gbogbo ènìyàn máa sá fún ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n ostrakon tó ti wá, àpáàdì ni. Àpáàdì gan-an, irú èyí tí wọ́n fi ń rán wa lọ fọn iná wá nílé aládùúgbò. Ohun ìkọ̀wé wọ́n lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ìkòkò tó fọ́ sì wà nílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, nítorí náà àpáàdì ni ìwé ìdìbò wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á bi ìpàdé gbogbo ọmọ ìlú pé ṣé ẹnì kan wà tó ti ń ga ju ìlú lọ? Kò sí pé wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní ó wà, wọ́n á dá ọjọ́. Lọ́jọ́ náà, oníkálùkù á ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì, á kó o wá sí ọjà. Àpáàdì gbọ́dọ̀ pé 6,000. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ní ọjọ́ mẹ́wàá péré láti fi ìlú sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ padà títí ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹ̀sùn, kò sí adájọ́, wọn kò sì fọwọ́ kan ilé àti oko rẹ̀. Lọ́dún 487 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó.

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Bíi pé wọ́n ṣígbá fún ọba nìyẹn." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Lóòótọ́, ohun èlò ilé ni ìlú fi sọ̀rọ̀ níbi méjèèjì, igbá l'Ọ̀yọ́, ìkòkò tó fọ́ ní Áténì. Àmọ́ láyé àtijọ́, Aláàfin tí Baṣọ̀run bá gbé igbá òfìfo fún kì í lọ lo ọdún mẹ́wàá níbì kankan kó tó padà. Ikú ló kàn. Tiwọn rọ̀ ju tiwa lọ níbẹ̀ yẹn, mo sì ní kó gbà bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibi la ti gbọ́dọ̀ borí.

Ìtàn méjì ni mo fi kún un. Èkíní wà lẹ́nu Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́. Aristides ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olódodo. Lọ́jọ́ àpáàdì, ará oko kan tí kò mọ̀wé kò mọ̀ ọ́n rí, ó na àpáàdì rẹ̀ sí i pé kó bá òun kọ Aristides. Aristides ní kí ni ọkùnrin náà ṣe fún un. Ó ní, "Kò ṣe mí ní nǹkan kan, n ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó kàn sú mi pé ibi tí mo bá yà sí, Olódodo, Olódodo ni wọ́n ń pè é." Aristides bá a kọ orúkọ ara rẹ̀, ó dá àpáàdì padà fún un. Wọ́n lé e lọ lóòótọ́.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1937, àwọn awalẹ̀pìtàn rí kànga àtijọ́ kan lẹ́bàá òkè Akropolis. Àpáàdì bíi 190 ló wà nínú rẹ̀, Themistocles, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Áténì, sì ni orúkọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ìkọ̀wé wọn wò fínnífínní, ènìyàn mẹ́rìnlá péré ló kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o. Àwọn kan ti jókòó, wọ́n ti kọ ìbò sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni, kí wọ́n lè máa há a fún àwọn tó ń lọ dìbò. Ó ti lé ní 2,400 ọdún. Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fi kanlẹ̀kùn.

Ìbò yìí náà ló gbé wa dé democracy, mo sì fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìjọba tiwa-n-tiwa la máa ń pè é lórí rédíò. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n "tiwa" kò sọ tàwọn wo. Ní èdè Gíríìkì, demos lè jẹ́ gbogbo ìlú, ó sì tún lè jẹ́ mẹ̀kúnnù ìlú lásán, àwọn tí kò ní. Kratos sì ni agbára. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, kò fi bò rárá: ó ní ibi tí tálákà bá ti ń ṣàkóso ni democracy wà. Àwọn olówó Áténì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bíi èébú. Yorùbá tiwa ti fọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò.

Síbẹ̀, èdè wa tó mú ẹ̀gún kúrò níhìn-ín ló fi nǹkan mìíràn pamọ́ fún wa. Ìbò. Kí ni ìbò kó tó di ohun tí à ń tẹ̀ka sí? Ẹ bi babaláwo. Ó ń kó egungun àti owó ẹyọ lé ẹni tó wá ṣèbéèrè lọ́wọ́, ẹni náà á pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, Ifá á wá mú ọwọ́ kan. Dídì ìbò nìyẹn. Kì í ṣe ènìyàn ló ń yàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Áténì ṣe ń wá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú. Àwọn 500 tó wà nínú ìgbìmọ̀, 50 láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́wàá tí Cleisthenes pín ìlú sí lọ́dún 508 ṣáájú ìbí Kristi, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ mú wọn. Àwọn tó ń dájọ́, gègé ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ òkúta kan tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára, wọ́n ń ki pátákó idẹ tí orúkọ oníkálùkù wà lára rẹ̀ bọ ihò wọ̀nyẹn, wọ́n á wá da ọta dúdú àti funfun gba inú ọ̀pá kan sọ̀kalẹ̀. Àwọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ ló ń sọ ìlà tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀gágun ni wọ́n ń fi ọwọ́ nínà yàn, torí ogun kò ṣe é fi ṣeré.

Lójú Aristotle, ká fi ìdìbò yan àwọn aláṣẹ, ti àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ni. Gègé ni ti mẹ̀kúnnù. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí i? Bàbá yẹn ì bá wo gbogbo ohun tí à ń ṣe lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, ì bá ní ìjọba ọlọ́lá ni." Ó ní kí n má fi kún un, kò sí nínú ìdánwò. Mo fi kún un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi: n ò sọ pé Gíríìkì wá jí ìbò lọ́wọ́ babaláwo. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ti sú mi. Ìlú méjì lè rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ọwọ́ ènìyàn kọ́ ló yẹ kó tú u. Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ ní dé ibi òkúta oníhò yẹn rárá. Obìnrin kò sí níbẹ̀, àlejò kò sí níbẹ̀, ẹrú tó ń gbẹ́ fàdákà ní Laurion tí ìlú fi ń náwó kò sí níbẹ̀.

Róòmù, mo sáré kọjá. Ó mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ látinú Bíbélì. Senate, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ni, senex ni àgbàlagbà lédè wọn, kò sí ohun tó le ńbẹ̀. Candidate, aláṣọ funfun ni: ẹni tó ń wá ipò á fi ẹfun kun aṣọ rẹ̀ kó lè máa dán láàárín èrò. Republic ni mo dúró lé lórí. Res publica, nǹkan gbogbo ìlú. Lọ́dún 27 ṣáájú ìbí Kristi, Augustus, ọba ńlá àkọ́kọ́ ní Róòmù, dìde níwájú àwọn àgbà, ó ní òun ti dá nǹkan gbogbo ìlú padà fún ìlú. Àwọn ọmọ ogun wà lábẹ́ rẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ náà wà síbẹ̀, ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kú. Mo ní kó fi àmì sí i: ọ̀rọ̀ lè pẹ́ láyé ju nǹkan lọ.

Fief ni mo ti ṣubú. Mo sọ fún un wàràwàrà pé ìṣákọ́lẹ̀ ni, pé onílẹ̀ fún ẹnì kan nílẹ̀, ẹni yẹn ń wá san nǹkan lọ́dọọdún. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ sùn. Èmi ni n kò sùn. Àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń fi iṣu mélòó kan jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Bó bá wù ú, á kó ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba fief ní Faransé láyé ọjọ́ náà á kúnlẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á kì í sáàárín ọwọ́ olúwa rẹ̀, á ní láti òní lọ, ènìyàn rẹ lèmi. Ogun orí ẹṣin ló fi ń sanwó ilẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ń ro oko, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Feudalism tó wà nínú ìwé rẹ̀ gan-an, orúkọ tí wọ́n fún gbogbo ètò yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí lọ́dún 1100. Àwọn amòfin ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ló rán an pọ̀, àwọn òpìtàn ṣì ń jà lónìí bóyá kí wọ́n tilẹ̀ jù ú nù. Mo pè é padà lọ́jọ́ Sunday kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó pa ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Ó bínú, ó ní ohun tí òun ti kọ sílẹ̀ ni mo ń pa rẹ́ yẹn.

Magna Carta, ìwé àdéhùn láàárín ọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ìwé rẹ̀ ní òmìnira ló dá sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sọ́jà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi àti òun la jọ ń lọ sí Bódìjà, ó sì mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Ó dára. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1215, ní pápá Runnymede létí odò Thames, àwọn ìjòyè ká Ọba John mọ́, ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà. Nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn olókìkí tó ní kí a má ṣe mú ọkùnrin òmìnira sẹ́wọ̀n láìjẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ tàbí pé òfin ìlú ní bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n ní òṣùwọ̀n wáìnì, ti ọtí bíà àti ti ọkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri ìlú. Kóńgò kan ṣoṣo! Wọ́n tún ní kí wọ́n yọ ọgbà ẹja kúrò nínú odò Thames kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà gbà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kì í ṣe ọkùnrin òmìnira, nítorí náà gbólóhùn olókìkí yẹn kò kàn wọ́n. Kóńgò ni mo rò pé ó kàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ tọ́ kí Póòpù tó fagi lé e, kí ogun tó bẹ́.

Nígbà tá a dé Reformation, ìjà tó pín ìjọ Kristẹni ní Yúróòpù, mo gbé Bíbélì Yorùbá sórí itan mi. Orí kìíní ìwé Róòmù. Ìwé Róòmù yìí wà lára ohun tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀, lọ́dún 1850. Ní ẹsẹ 14, Pọ́ọ̀lù ní òun jẹ àwọn kan ní gbèsè. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, barbarian ni àwọn tó tẹ̀ lé Gíríìkì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ ti há sórí pé ó jẹ́ ẹni tí kò lajú. Bíbélì wa kò sọ bẹ́ẹ̀. "Aláìgbédè" ló pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn! Gíríìkì gbọ́ èdè àjèjì bíi bar-bar-bar létí, wọ́n sì fi ṣe orúkọ àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn àgbà tiwa náà ṣe é, kòbókòbó ni tiwọn, n kò sì ní kọ́ ọmọ yín láti máa pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kòbókòbó mọ barbarian, a mọ̀ ọ́n dunjú.

Ẹsẹ mẹ́ta péré nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹsẹ 17, ọ̀rọ̀ olódodo àti ìgbàgbọ́, èyí tó gbá Luther, àlùfáà ọmọ Jámánì tó dá ìjà náà sílẹ̀, mú ní Wittenberg. Indulgence tó ń bá jà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n ń ta ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìyà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìdáríjì, èyí tí wọ́n ní ọkàn òkú yóò jẹ kó tó wọ ọ̀run, ni wọ́n ní owó lè dín kù. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, ti yá owó lọ́wọ́ àwọn Fugger, àwọn olówó Augsburg, láti fi gba oyè náà. Ìdajì owó indulgence ń lọ sápò àwọn Fugger, ìdajì yòókù ń lọ kọ́ ilé ìjọsìn Peter Mímọ́ ní Róòmù. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1517, Albrecht yìí gan-an ni Luther kọ lẹ́tà sí. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Gbèsè ni lẹ́ẹ̀kan sí i." Òun ló rí i, kì í ṣe èmi. Ó bi mí pé ṣé àwa Áńgílíkà náà jáde látinú ìjà yìí. Mo ní tiwa jáde látinú ọ̀rọ̀ ìyàwó ọba, ká má sọ̀rọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ogójì náà ni Enlightenment, òun ló sì jẹ́ kí n padà wo ohun tí mo ti ń pè ní ọ̀làjú látìbẹ̀rẹ̀ láìronú. Civilization tó wà lókè ìwé Àbẹ̀kẹ́, látara civis ni, ọmọ ìlú. Àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ló jáde lẹ́nu àwọn Faransé. Kò sí ojú nínú rẹ̀, kò sí líla. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1784, Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan ní Berlin pé ohun tí òun ń pè ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ni pé kí ènìyàn jáde kúrò nínú ìgbà èwe tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́, kó gbójúgbóyà láti fi làákàyè tirẹ̀ mọ nǹkan. Lílajú nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa bá èyí tó kẹ́yìn mu ju èyí tó wà lókè lọ.

Ó bá a mu, ó sì yà kúrò lára rẹ̀. Ti Kant, ìwọ fúnra rẹ ni yóò la ojú ara rẹ. Tiwa, ọ̀làjú dé ni: wọ́n gbé e wá, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà, ọ̀nà ọlọ́dà. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ tìyanutìyanu. Ìyá mi sì máa ń wo ọmọ tó ń purọ́, á ní, "Ojú ọmọ yìí ti là jù."

Mo ka ọdún fún un. 1784, Kant. 1789, ìlú Faransé kéde pé òmìnira ni a bí ènìyàn sí, ẹ̀tọ́ wọn sì dọ́gba. 1794, wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, torí pé àwọn ẹrú Haiti ti gbé ìkéde náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n sì ti ń jagun. 1802, Napoleon dá oko ẹrú padà. 1804, Haiti gba ara rẹ̀. 1821, wọ́n kógun ja Òṣogùn, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan níbẹ̀, wọ́n tà á títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ọmọ yẹn ni Crowther, tó wá kọ "aláìgbédè" sílẹ̀ fún wa. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ to àwọn ọdún náà sórí ìlà kan ṣoṣo. Kò tún bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Ó ṣe ìdánwò náà ṣáájú Kérésì. Wọ́n bi wọ́n nípa Solon. Ó kọ ìwọ̀fà sínú ìdáhùn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ bàbá ìyá mi díẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé báwo ni wọ́n ṣe ń pè é. Ó gba B. Èmi ì bá fún un ní A, ṣùgbọ́n wọn kò bi mí.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní. Lóru àná, aago mẹ́ta, fóònù mi dún. "Màámi, kí là ń pe bourgeoisie?" Mo ní ṣé kò mọ̀ pé òru ni lọ́dọ̀ wa, kó jẹ́ kí n sùn. N kò sùn. Bourg, ìlú olódi ni, ibi táwọn oníṣòwò kóra wọn jọ sí. Mo ti kọ "ará inú odi" sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn ti Sunday, mo sì ti fagi lé e lẹ́ẹ̀mejì.